Ojú Tó Lọ́ra Lára Ẹ̀rọ Ìgéwèé

Àkọ́bí mi, Injiníà,

Mo kí ọ. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà, torí inú tí mo fi ń kọ ọ́ kò ní àlàáfíà kankan.

Dókítà tú báńdéèjì ọwọ́ àbúrò rẹ lánàá. Orí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ọ̀tún ti lọ. Ìwọ wá kọ̀wé pé, “Ẹ sọ fún un kó máa fọkàn síṣẹ́.” Ìwọ! Ọdún mẹ́jọ ló ti ń gé ìwé nídìí ẹ̀rọ yẹn, abẹ ò ha á lára rí, àfi ìgbà tí o fi ojú iná ààbò rẹ sí i. O ní, “Bí ọwọ́ rẹ bá ti dí ìmọ́lẹ̀ yìí, abẹ á dúró.” Ó gbà ọ́ gbọ́, kò wo abẹ mọ́ kó tó nawọ́.

Mo tú nǹkan náà, mo gbé e lọ bá atúnrédíòṣe. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Bàbá, sẹ́ńsọ̀ iná ìta lèyí, èyí tó ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ilẹ̀ kì í sáré ṣú. Ọwọ́ ń sáré; kí èyí tó mọ̀ pé ọwọ́ dé, abẹ ti balẹ̀.” Ó fi èyí tó yára hàn mí, kò ju hóró àgbàdo lọ. Ó ní kò sí oníṣẹ́ iná tí kò mọ̀ ọ́n. O mọ̀ ọ́n, àmọ́ èyí tó lọ́ra ló ti wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ, ìrìn ọjà ò sì wù ọ́.

Mo rántí ọjọ́ tí o dán an wò. O rọra ti rúlà sábẹ́ abẹ bí ẹni tó kọ́kọ́ dé ilé àna. Abẹ dúró, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Má fi ìkíni ránṣẹ́ mọ́. Wá ní Sátidé pẹ̀lú èyí tó yára. Pẹ́ńsù la ó kọ́kọ́ jù sábẹ́ abẹ, kíá, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ tìrẹ.

Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ìbínú ò ní kí n má ṣàdúrà.

Èmi ni bàbá rẹ, tí inú rẹ̀ ò tíì yọ́ sí ọ.

Mo tún rántí: má ju àpò lẹ́tà yìí nù. Àbúrò rẹ ló kọ àdírẹ́sì rẹ sára rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́. Wò ó dáadáa.