Bọ̀dá Mi, Nọ́ọ̀tì Kan Ṣẹ́kù

Bọ̀dá mi, àárín èrò ni ojú èmi àti ọkùnrin kan ti ṣe mẹ́rin.

Oṣù mẹ́ta péré ni ẹ ti lọ nígbà náà. Ìyàwó yín ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín ni: "A ti kógbá sílé." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, àwọn tí ẹ bá gbé sólà sórí ilé ti kún ìta fọ́fọ́. Àwọn kan mú ìwé dání, àwọn kan ń na ìka sí mi. "Ọ̀gá Oòrùn ti kú, a gbọ́, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Àmọ́ ta ló máa wá wo tiwa bó bá bàjẹ́?" Màmá kan tó pọn ọmọ tún gbẹ́nu lé e: "Ẹ ò lè kó wa gun òrùlé tán kí ẹ wá gbé àkàbà lọ!" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo di tábìlì yín mú.

Ìgbà náà ni mo gbójú sókè. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ló dúró sí, ó ga, kò pariwo, kò naka. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó rí i pé mo fẹ́ ṣubú. Àyà mi já, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ló já a. Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Àǹtí, a ò bá yín jà. Lẹ́tà kan péré la fẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ti yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà, kí àwọn tó ṣe bátìrì lè máa dá wa lóhùn fúnra wọn."

Lẹ́tà kan péré! Mo ní kó máa lọ. Mo ní mi ò mọ ohun tó ń wí. Bọ̀dá mi, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ẹ ti yọwọ́, ẹ̀yin tí ẹ kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí? Ó dà bí ẹni pé wọ́n ní kí n tún yín sin lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo pa fóònù yín tí kò yéé dún, mo sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

Ọdún kan rèé tí ẹ lọ. Ọdún kan gbáko! Ọmọ yín tó ń rákòrò ti ń sáré báyìí, ife mẹ́ta ló ti fọ́. Bí a bá tan iná, á nawọ́ sókè, á ní, "Dádì!" nítorí ẹ̀yin lẹ máa ń gbé e kó lè fọwọ́ kan súìṣì. Ìyàwó yín ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó rù, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà míì. Màmá ṣì ń bu oúnjẹ yín mọ́ tiwa. Á bù ú tán, á rántí, á dà á padà sínú ìkòkò. Àwọn agẹrun ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín báyìí. A ò tíì lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọmọ ń sunkún, ìyàwó yín ní kí n tan fóònù yín kó lè rí àwòrán yín. Mo kì í bọ iná. Nígbà tó jí, kò dákẹ́ mọ́. Gbìn! Gbìn! Gbìn! Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ inú ilé àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí yín fúnra wọn ni, láti oṣù mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni kò ti kà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò le: iná lọ, iná dé, eruku bo pánẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ ilé kan wà tí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kò yí padà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá. Nígbà tó yá, ó di ojoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, wákàtí wákàtí. Bátìrì ń gbóná. Bátìrì ń gbóná. Bátìrì ti ń gbóná jù.

Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ orúkọ ilé náà síbẹ̀: Ilé Ìyá Aránṣọ.

Àwọn onílé kò rí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Ọ̀dọ̀ yín nìkan ló ń wá, nítorí ọwọ́ yín ni ilé náà ṣì wà. Nítorí lẹ́tà tí mo kọ̀ láti kọ! Ẹ̀rù bà mí, Bọ̀dá mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé bàtà tí mo wọ̀ jáde, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀tún, ọ̀tọ̀ ni ti òsì. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń ta ṣánṣán, mo sì mọ̀ pé bó bá ṣe ń ta tó ni bátìrì yẹn ń mu iná tó. Mo ń sáré, mo ń bẹ oòrùn pé kó wọ̀.

Ta ló wá ṣílẹ̀kùn? Ọkùnrin yẹn ni! Ọkùnrin ọjọ́ èrò! Ìyá rẹ̀ ló ni ilé. Bó bá jẹ́ ọjọ́ míì ni, ọ̀rọ̀ ì bá pòórá lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò kí i, mi ò rántí ìwà ọmọlúàbí. "Níbo ni bátìrì yín wà?" ni mo figbe bi í.

Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ẹ gbé e sí. Ṣùgbọ́n aṣọ àwọn oníbàárà ti yí i ká: ìdì kan lọ́tùn-ún, ìdì kan lósì, òmíràn lórí rẹ̀ gan-an. Ìyá ti ṣàkíyèsí pé ibẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, aṣọ kì í sì í rin níbẹ̀. Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́! Òórùn rọ́bà tó ń jó gbá mi nímú. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni ìyá jókòó sí, tó ń tẹ máṣíìnì lọ ràì.

Ẹ ti kọ́ mi rí, nígbà tí mo máa ń bá yín di tọ́ọ̀ṣì mú: súìṣì ti inú ilé ni kí n kọ́kọ́ pa, lẹ́yìn náà ti òrùlé, lẹ́yìn náà ti bátìrì. Mo ń kà á bí àdúrà. Ti inú ilé. Máṣíìnì dákẹ́. Ìyá figbe ta: "Ta ló pa iná o? Aṣọ ìyàwó ló wà lẹ́nu abẹ́rẹ́, apá kan ni mo tíì rán! Ṣé ọlọ́wọ́ kan ló fẹ́ wọlé ọkọ ni?" Ti òrùlé. Ti bátìrì. Èyí le fún ìka mi, ọkùnrin náà bá gbé ọwọ́ rẹ̀ lé tèmi, a sì jọ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Bọ̀dá mi, mo ti ka irú ìfọwọ́kàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé láìmọye ìgbà. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ rí pé èèyàn lè máa ronú ikú nínú rẹ̀.

Nígbà tó tutù, a ṣí ìdérí. Mo rí kútẹ́ẹ̀sì pupa mi tí ẹ jí gbé, tí ẹ fi ń fa ilà sí ara gbogbo nọ́ọ̀tì irin tí ẹ bá ti fi de wáyà mọ́lẹ̀ pinpin, kí ojú lè jẹ́rìí ọwọ́. Mo kà wọ́n. Ọ̀kan, ilà wà. Èkejì, ilà wà. Títí dé ìkeje. Ìkẹjọ kò ní nǹkan kan lára. Mo fìka kàn án, ó mì. Ara wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti yọ́, ó dúdú bí èédú.

Ẹ̀rù tó bà mí lẹ́ẹ̀kejì yìí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀dá tèmi ni ì bá sun ìyá olóyàyà yìí mọ́lé?

Ìyá ti dúró lẹ́yìn wa, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Kò bínú. Ó ní, "Ọjọ́ tó ṣe é, ó dédé fọwọ́ di àyà mú ni. Orí àpótí yẹn ló jókòó sí. Mo fún un lómi. Ó ní, 'Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa lọ, iná ti wá, màá wá parí èyí tó kù lọ́la.'" Ó mí kanlẹ̀. "A retí ẹ̀ o, ọmọ mi. Ìrọ̀lẹ́ ọ̀la yẹn la gbọ́."

Bọ̀dá mi! Ẹ ò fa ilà sí ohun tí ẹ ò ṣe. Nínú àìsàn yẹn náà, ẹ ò parọ́!

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ò tán. Ilé méjì míì ni ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkùnrin náà jókòó tì mí, a pè wọ́n, wọ́n paná. A wá àwọn oníṣẹ́ iná tó wà nítòsí. Ọ̀kan wò ó, ó fà sẹ́yìn: "Iṣẹ́ tí olóògbé fọwọ́ kàn? Bó bá jó lọ́la, èmi ni ẹ máa dì mú." Èkejì ò tiẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà la pe ọ́fíìsì àwọn tó ṣe bátìrì. Obìnrin tó gbé fóònù ní sùúrù. Ó ní, "Ìlérí pé a máa tún bátìrì yẹn ṣe fún ọdún mẹ́wàá, àwa la ṣe é, kò bá ẹ̀gbọ́n yín lọ sí sàréè. A máa rán oníṣẹ́ wa wá. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé-iṣẹ́ yín ló ṣì wà lórí àwọn ilé náà lọ́dọ̀ wa. Ẹ kọ̀wé pé ẹ ti fi wọ́n sílẹ̀. Kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá níbẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan bò."

Ìyàwó yín ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú. "Opéléngé," bó ṣe máa ń pè mí láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e wọlé, "kọ ọ́ pé a ti fi wọ́n sílẹ̀. Dákun, má kọ ti nọ́ọ̀tì. Bí wọ́n bá gbọ́ nọ́ọ̀tì kan, wọ́n á ní bí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Orúkọ yìí nìkan ló fi sílẹ̀ fún ọmọ." Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ẹ̀rù kan náà ló ń ba àwa méjèèjì.

Mo kọ ọ́ láìsí nọ́ọ̀tì níbẹ̀. Mo kà á, ó dùn, ó mọ́ tónítóní. Mo fà á ya. Torí ẹni tí wọ́n máa rán wá kò mọ̀ yín. Ta ló fẹ́ sọ fún un pé ilà pupa ni kó máa wá, pé èyí tí kò bá ní ilà ni kó fura sí, nínú gbogbo ilé méjìlélógún tí ẹ ti ṣiṣẹ́? Mo tún un kọ. Mo kọ ti kútẹ́ẹ̀sì. Mo kọ ti ìkẹjọ. Mo kọ ti àyà tí ẹ fọwọ́ dì mú. Ìyàwó yín kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìka rẹ̀ dúró síbi tí mo ti kọ ọ́ pé ẹ ní ẹ ń padà bọ̀ lọ́la. Ó sunkún, sunkún, ó sì fọwọ́ sí i.

Òní ló pé ọdún, Bọ̀dá mi. A ò gbàgbé yín o! Ohùn yín ṣì wà létí wa, àyè yín ṣì ṣófo nídìí tábìlì. A fẹ́ràn yín lánàá, a fẹ́ràn yín lónìí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ka lẹ́tà náà tán tí wọ́n sọ̀rọ̀ yín láìdáa, a ò ní tìtorí ẹ̀ dín ìfẹ́ yìí kù.

Ọkùnrin náà dé láàárọ̀ yìí láti wá gba lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ṣe bátìrì. Ó wọ ẹ̀wù funfun tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ yí máṣíìnì rán. Kò rẹ́rìn-ín, kò kán mi lójú. Ó ní, "Ṣé ẹ ti ṣe tán?" Mo ní rárá, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ó ní kò burú, òun á dúró. Ó sì dúró lóòótọ́, lẹ́nu ọ̀nà, nínú oòrùn, títí mo fi ṣe tán.

Mo fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.