Ọmọ Tó Wá Ṣe Àlejò Nílé Wa

                                        Ojúlé Kẹfà,
                                        Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Keje.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀la,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́? Ṣé oúnjẹ ń wọlé, àbí ìwé nìkan lò ń jẹ? Ẹni tó ń hanrun ní yàrá yín ńkọ́, ṣé ẹ ti parí ìjà? Àwa náà wà níbí. Orúnkún Bàbá ti fúyẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá sì ti gba epo, ariwo rẹ̀ ti dín kù.

O sọ fún mi lórí fóònù pé olùkọ́ yín yìn ọ́ níwájú gbogbo kíláàsì nítorí iṣẹ́ tí o kọ lórí ilé wa. O kú oríire. Lẹ́tà ni mo fi ń dá ọ lóhùn nítorí pé lórí fóònù, ńṣe ni wàá máa já lu ọ̀rọ̀ mi.

Mo ti gbà pé ẹ̀kọ́ gidi ni antropọ́lọ́jì tí ò ń kọ́. Àwọn kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo àìsàn, ìwọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn. Àmọ́ kí ló dé tí olùkọ́ yín fi ní kí kálukú lọ máa wo ilé bàbá rẹ̀ bí àlejò? Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọ̀sẹ̀ kan gbáko lo fi jókòó sí igun ṣọ́ọ̀bù Màmá, tí ò ń wò wọ́n bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku. Wọ́n ní kí o bá àwọn di etí aṣọ mú, o ní o kò gbọdọ̀ dá sí i. O tún bi wọ́n pé ta ló ń pàṣẹ nínú ilé yìí. Màmá wo Bàbá, Bàbá wo àjà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ibi tí o ti ṣìnà rèé. O kọ ọ́ pé nílé wa, bí ọmọkùnrin bá ti dàgbà, ìyá rẹ̀ kì í rán an níṣẹ́ mọ́, pé ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ wo? Ẹ̀gbọ́n wa àgbà tó ti di bàbá ọlọ́mọ, nígbà tó wá kẹ́yìn, kó tó bọ́ bàtà ni Màmá ti rán an lọ ra abẹ́rẹ́! Láti ìgbà tí o ti kọ̀ láti di etí aṣọ mú ni wọn kò ti rán ọ níṣẹ́ mọ́, nítorí pé o ti di àlejò lójú wọn. Ta ní í rán àlejò níṣẹ́?

Láti ìgbà tí o ti lọ ni inú Màmá kò ti dùn. Lánàá, mo ní ìsinmi yín ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kí n lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n ní, "Ṣé ó ń bọ̀ wálé ni, àbí ó tún ń bọ̀ wá wò wá? Tó bá jẹ́ wíwò ni, yàrá àlejò ni kó o tẹ́ fún un." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rí omi lójú wọn. Ó dùn mí gan-an, àbúrò mi. Màmá rò pé ibi tí àwọn rán ọ lọ ti gba ọmọ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Ni mo bá sọ ohun tí o kọ fún wọn. Wọ́n ní, "Òun ló sọ pé mi ò lè rán òun níṣẹ́?" Ẹ̀rín tí wọ́n wá bú sí, oníbàárà tó ń wọlé bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara rẹ̀ wò, ó rò pé òun wọ aṣọ sódì ni.

Bàbá kí ọ, wọ́n ní àwọn ṣì ń ro ìdáhùn ìbéèrè rẹ. Aṣerunlóge ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní ìgbà wo lo máa wá wo òun náà. Bá mi kí ahanrun.

Màmá ní kí n má kí ọ rárá. Wọ́n ní kí o ra òwú dúdú àti bọ́tìnì funfun bọ̀ lọ́nà, kí o má sì dé ibí kí o máa sọ pé o gbàgbé.

Èmi ni tìrẹ nígbà gbogbo,
Àǹtí Aláròyé.