Ẹgbẹ́ Wa Wọlé Lábẹ́ Òjò

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí yín láti Ayọ̀bọ̀ níbí. Ìyá mi ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi Sàlámì ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń bínú. Ẹ ní kí n má pe fóònù yín mọ́ títí ìbò á fi parí, torí pé mo lọ ṣe aṣojú fún ẹgbẹ́ tí ẹ ò fẹ́ẹ́ rí sójú. Ìbò ti parí, Bàbá. Àwa la wọlé ní wọ́ọ̀dù wa.

Iṣẹ́ táìsì tí mò ń tẹ́ sílẹ̀ ilé ń lọ, àlùbáríkà wà níbẹ̀. Òjò ló kàn ń dà wá láàmú, gbogbo ọ̀nà ti di ẹrọ̀fọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni ti onílé mi, Alàájì Dáúdà. Ẹgbẹ́ yín ni tiwọn, àwọn sì ni aṣojú yín ní ibùdó ìdìbò wa. Látìgbà tí wọ́n ti lẹ pósítà àkọ́kọ́, tí mo bá kí wọn, wọn kì í dá mi lóhùn. Ó wá ń ṣe mí bí ẹni tí kò ní bàbá nílé, tí kò ní bàbá lẹ́yìn odi.

Bí wọ́n ṣe tú ìwé ìbò sórí tábìlì lọ́jọ́ ìbò ni òjò dé. Bí ìwé bá rin, ìbò gbogbo wa ti gbé nìyẹn. Mo sáré gbé tapólì tí mo fi ń bo sìmẹ́ńtì wá, ṣùgbọ́n apá mi nìkan ò ká a. Alàájì ló di etí kejì mú. A nà án sókè títí, omi ń dà sí wa lọ́rùn, àwọn èrò ń fi ohùn kan kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Kò sẹ́ni tó sá lọ.

Tiwa ló pọ̀ jù. Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ kanlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ máa fi Alàájì ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dán an wò. Alàájì fọwọ́ síwèé èsì, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní ẹgbẹ́ mi na àwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú àwọn ni wọ́n ṣe kà á, orílẹ̀-èdè yìí ò tíì bàjẹ́ tán. Bàbá, orí mi wú. Èmi tí mo máa ń sọ pé ìlú yìí ti sú mi, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé inú mi dùn pé ọmọ Nàìjíríà ni mí.

Mi ò ní kí ẹ wá sẹ́gbẹ́ wa. Kí ẹ ṣá gbé fóònù tí mo bá pè lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Ìyá, ẹ kí Ẹ̀gbọ́n, ẹ kí gbogbo ará ilé. Ẹ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín náà, ẹ ní mo ní wọ́n gbìyànjú.

Ọmọ yín tó na ẹgbẹ́ yín,
Ràsákì