Ọ̀kadà Oníbátìrì Tí O Fi Ojú Mi Polówó

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Bàbá Onírẹsì,
Èjìgbò,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Teslim, àbúrò mi,

Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti ń yọ? Màmá wa ní Ìsẹ́yìn ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Gbogbo wọn ni mo kí tọkàntọkàn, kí o bá mi jíṣẹ́ fún wọn. Ìwọ nìkan ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ kí. Bí o bá sì fẹ́ fèsì ìwé yìí, jọ̀ọ́, má ṣe bi mí pé ṣé àlàáfíà ni mo wà, torí ẹnu mi á kàn sọ pé a dúpẹ́ ni, o sì tún lè gbà á sílẹ̀ kí o fi tajà.

Inú ń bí mi, Teslim. Mo tètè sọ ọ́ kí o má baà máa wá a kiri nínú ìwé. Mo pè ọ́ títí fóònù fi gbóná létí mi, o ò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́, mo rí i pé o gbọ́ ọ, o ò fèsì. Nígbà tí Kọ́láolúwa, tíṣà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, sọ pé òun ń lọ ṣe ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn, mo ní kó dúró dè mí kí n kọ̀wé. Ìwé ò ní ibi tí èèyàn ń tẹ̀ tó fi ń dákẹ́. Ó sì ti ṣèlérí fún mi pé òun á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń ta ọ̀kadà ní Mọ́kọ́lá títí wàá fi kà á tán.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí o gbé e wá, torí ibẹ̀ ni ìwà burúkú yìí ti ṣẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ ọjà Aswani, èrò ń wọ́ tìì. O gbé ọ̀kadà oníbátìrì náà sọ̀ kalẹ̀ lára ọkọ̀, ó ń dán gbinrin, ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. O ní kí n gùn ún. Mo gùn ún láti ẹnu géètì dé iwájú ìsọ̀ mi, ìrìn tí arúgbó máa fẹsẹ̀ rìn tí kò ní mí hẹlẹ. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti yí mi ká. Ìyá Tẹ́júọlá tó ń ta léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló kọ́kọ́ pariwo, "Ẹ kú oríire o! Ọlọ́hun á jẹ́ kó pẹ́ fún yín, ẹ ò ní fi rí jàǹbá!" Wọ́n ń ṣàdúrà, mo ń ṣe àmín. Wọ́n bi mí pé báwo ló ṣe rí, ṣé ó dáa. Mo dáhùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń dáhùn: "A dúpẹ́ o. Ó dára gan-an, kò yọ mí lẹ́nu rárá."

Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ta ló ń bú nǹkan tuntun lójú àwọn tó ń bá a yọ̀? Bí wọ́n bá fi bàtà tó fún ọ lẹ́sẹ̀ ta ọ́ lọ́rẹ, ṣé kì í ṣe pé ó bá ọ mu lo máa sọ? Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá wa wà lórí ibùsùn, tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ara àwọn ti le, títí ọjọ́ tí wọ́n fi lọ. Ìdáhùn oríire ni mo fọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Fóònù rẹ wà lókè, o ń ya fídíò, mo rò pé o fẹ́ fi han màmá wa ni.

Ó dáa, ẹ̀rí tí o ò béèrè nìyí. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọ̀kadà náà bí o ṣe purọ́ mọ́ mi. Ní àárọ̀ tí òjò ò rọ̀, tí iná ti wà mọ́jú, tí èmi nìkan sì wà lórí rẹ̀, mo máa ń gbádùn rẹ̀. Mi ò tò sílé epo mọ́. Aṣọ tí mo bá gbé sórí rẹ̀ kì í gbóòórùn epo bẹntiróò, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún aláṣọ, torí àwọn oníbàárà wà tó jẹ́ pé imú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń yẹ aṣọ wò. Kì í rú èéfín, kì í pariwo. Àmọ́ àìpariwo yẹn gan-an tún ni ìjàngbọ̀n mìíràn. Ní Èkó, etí ni èèyàn fi ń sọdá títì. Bàbá kan sọ̀ kalẹ̀ síwájú mi ní Jákándè láìwẹ̀yìn, torí wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Bíréèkì ló kó wa yọ. Bàbá yẹn bi mí bóyá iwin ni mí.

O sọ fún mi pé bí bátìrì bá ti kún, mo lè lọ sí Aswani kí n padà sí Èjìgbò kó tún ṣẹ́ kù. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni fún ẹni tó dá wà lórí títì tó tẹ́jú. Èmi ń gbé ẹrù, o sì mọ̀ pé mò ń gbé ẹrù, torí ẹrù gan-an lo ní kí n tìtorí rẹ̀ rà á. Bí mo bá ti di àpò aṣọ kan ṣoṣo sẹ́yìn, bó bá dé gẹ̀rẹ́ afárá Òkè-Àfà, ńṣe ló máa ń rọ bí ẹni tó gbààwẹ̀ láìjẹ sààrì. Àmì bátìrì á já wálẹ̀ lójijì, ó di kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa tì í. Èmi, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, pẹ̀lú híjáàbù mi, lórí afárá! Onímárúwá kan tilẹ̀ fẹ̀gbẹ́ sí mi, ó ní, "Mọ́mì, e don die? Ẹ fún un ní gàrí mu now!" Gbogbo àwọn tó gbé ló bú sẹ́rìn-ín.

Iná ńkọ́? Ìgbà tó bá wu iná ló ń dé sí Èjìgbò, bátìrì yẹn sì fẹ́ iná tó máa jókòó tì í. Ohun tí a fi ń gba iná sí i máa ń gbóná débi pé Bàbá Alameen ò jẹ́ kí a fi sílẹ̀ nígbà tí a bá ń sùn. Wọ́n ní àwọn ò bímọ fún iná jó. Òjò ńkọ́? Inú táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, nísàlẹ̀ pátápátá, àdúgbò wa sì rèé, bí òjò bá ti ṣú, omi á ti gba ojú pópó. Ó wọ inú omi lọ́jọ́ kan, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Mo tì í lọ bá Oyèlékè mẹkáníìkì, ẹni tó ti ń tú ọ̀kadà kí o tó mọ ọ̀kadà í gùn. Ó yí i po, ó bẹ̀rẹ̀, ó nàró. Ó ní, "Àǹtí, kò ní pílọ́ọ̀gì, kò ní kabúrétọ̀, kí lẹ fẹ́ kí n tú? Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín jàre." Ẹni tó tà á fún mi sì rèé, kì í gbé fóònù.

Bó bá jẹ́ pé èmi nìkan ló kàn, ǹ bá gbé e mì. Ọmọ ìyá ni wá, mo sì ti gbé ohun tó le ju bẹ́ẹ̀ mì nítorí rẹ. Àmọ́ obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wá sí ìsọ̀ mi, kò wo aṣọ, ojú mi ló ń wò, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní èmi ni ìyá inú fídíò. Ó na fóònù sí mi, mo rí ara mi níbẹ̀, mo rí ẹnu mi tó ń sọ pé ó dára gan-an. O ti gé Ìyá Tẹ́júọlá kúrò. O gé àdúrà kúrò, o gé àmín kúrò. O wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti pé oṣù mẹ́fà tí Ìyá Alameen Aswani ti ń fi gbé ẹrù lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́fà! Ọ̀kadà tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀! Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí ọ̀rá yẹn, ó ń kọ yẹ̀rì. Àmọ́ kò sẹ́ni tó wo ọ̀rá, ojú mi ni gbogbo wọn wò.

Ìsíátù wà lára wọn. O ò mọ̀ ọ́n, àfi bí o bá rántí orúkọ rẹ̀ lára àwọn tó san owó fún ọ. Aránṣọ ni, inú ilé wa níbí ló ń gbé tẹ́lẹ̀ kó tó kó lọ sí Ìsọlọ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, abẹ́rẹ́ ló fi ń tọ́ ọmọ méjì. Aṣọ ọwọ́ mi ló ń rà, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì wà káàkiri títí dé Àgọ́ Palace, tó jẹ́ pé wíwọ kẹ̀kẹ́ lọ wíwọ kẹ̀kẹ́ bọ̀ ló ń jẹ èrè rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló ní. Ó ta èyí tó ń lo iná, èyí tó fi ń yára ṣiṣẹ́, kó lè ra ọ̀kadà rẹ. Ó ku èyí tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́, mo sáré lọ bá a. Mo bi í ìdí tí kò fi wá béèrè lọ́wọ́ mi kó tó ta ẹ̀rọ. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Àǹtí, kí ni mo tún fẹ́ béèrè? Ṣebí ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ." Teslim, mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi fún ọ. Ọ̀kadà náà ti dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ní ọjọ́ tó ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Kó tó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ẹni yẹn ti wọ òmíràn, ó ní òun ò gba èyí mọ́. Iṣẹ́ tó máa ń parí kíákíá ti wá ń pọ̀ síwájú ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú.

Tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọjà. Ìyá Tẹ́júọlá ní òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ti di ájẹ́ǹtì, mi ò sì fún àwọn jẹ níbẹ̀. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, àmọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. O mọ bí a ṣe ń tajà ní Aswani. Ẹni tí kò bá gbà ọ́ gbọ́ á ní kí o bu omi wá kí òun fi etí aṣọ bọ̀ ọ́, kí òun wò ó bóyá ó máa ṣí. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti béèrè omi lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti ní aṣọ yìí kì í ṣí, ó parí, wọ́n á ní kí n gé e. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá yìí, oníbàárà kan na ọwọ́ sí áńkárá mi, ó gbójú sókè wò mí, ó ní kí n bu omi wá. Mo bu omi náà. Mo gbé e fún un, ó fi etí aṣọ bọ̀ ọ́ lójú gbogbo ọjà.

Má sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà nìyẹn. Èmi náà ń tajà, òun ni mo fi rán ọ níléèwé tí o ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò. Ohun tí mo fẹ́ nìyí, kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Yọ fídíò yẹn kúrò níbi gbogbo tí o gbé e sí, kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni. Lẹ́yìn náà, wá sí Èkó. Wá wo Ìsíátù lójú, gba ọ̀kadà rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o wá ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbi tó wà, kí o gbé e padà sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tèmi lè dúró ná. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún bi ọ́ pé ta ni ọ̀kadà yẹn yẹ, sọ òtítọ́: ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò jìnnà sílé, tí iná rẹ̀ kì í ṣòjòjò, tí kò ní ẹrù, tí àgbàrá kì í dí lọ́nà. Irú wọn wà, tà á fún wọn, Ọlọ́hun á bùkún un. Bí o bá kọ̀ tí o ò wá, màá dúró lórí afárá Òkè-Àfà pẹ̀lú ọ̀kadà náà, Kọ́láolúwa á ya fídíò mi, màá sì dárúkọ rẹ àti ti bàbá tó bí wa. Màmá wa ni màá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Bàbá Alameen ní kí n kí ọ, mo sì ti kí ọ nítorí wọn.

Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí i, àmọ́ ohun kan kù tó ń jó mi nínú. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo rí Ìsíátù nísàlẹ̀ afárá Òkè-Àfà. Ó ń ti ọ̀kadà rẹ, àpò aṣọ wà lórí ìjókòó, okùn bàtà rẹ̀ kan ti já, òógùn ti bo ojú rẹ̀. Obìnrin kan tó wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá dá a mọ̀, ó yọrí síta, ó ní, "Ìsíátù! Kú oríire ọ̀kadà tuntun o! Ṣó dáa?" Mo wà ní òdìkejì títì, mò ń retí kó bú ọ, kó sì bú èmi náà mọ́ ọn. Ó dúró, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí obìnrin náà. Ó ní, "A dúpẹ́ o. Ó dára gan-an, kò yọ mí lẹ́nu rárá."

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí inú ń bí,
Salimat (Ìyá Alameen)