Ẹsẹ̀ Mi Ti Wú, Mi Ò sì Lè Sọ Oògùn Tí Mò Ń Lò

Ẹ̀yin ará page yìí, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Mò ń lo oògùn family planning, ọkọ mi ò mọ̀, ìyá ọkọ mi ò mọ̀, ẹsẹ̀ mi òsì sì ti wú báyìí. Mi ò sunkún bí mo ṣe ń tẹ èyí o. Ó kàn dà bí ẹni pé ẹlòmíì ni gbogbo ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí…

Ọmọbìnrin méjì ni mo bí. Addo Road là ń gbé, aṣọ ọmọdé ni mò ń rán, ọkọ mi ń ṣe ajórin níbi ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Lakowe. Nígbà tí mo bí èkejì, ẹ̀jẹ̀ mi ru gan-an, gìrì mú mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgbà tí mo fi máa lajú wọ́n ti gbé ọmọ jáde. Dókítà ní kí n sinmi ọmọ bíbí ná. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó gbọ́, àmọ́ látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kó wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ni ní àárọ̀, òun náà ni ní alẹ́. Ọkọ mi ní Ọlọ́run tó yọ mí lẹ́ẹ̀kan á tún yọ mí.

Mo dá lọ sí health centre. Nọ́ọ̀sì wọn BP mi, ó ní oògùn oníhóró tó ní èròjà méjì pọ̀, èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, kò dáa fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru bíi tèmi, pé ẹ̀jẹ̀ lè torí ẹ̀ dì sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó ń wà lábẹ́ awọ apá sí mi. Àmọ́ ó tún ní nǹkan oṣù mi lè máà wá mọ́, tàbí kó máa wá ségesège. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe. Ẹ̀yin Mùsùlùmí inú wa á mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá ọkọ mi ló ń jí gbogbo wa fún Àsùbáà nílé wa, obìnrin tí kò bá dìde kírun, wọ́n ti mọ̀ pé ó wà nínú nǹkan oṣù. Wọn kì í béèrè, wọ́n kàn ń wò. Tí mo bá ń kírun lọ láì sinmi, wọ́n á ti máa kí mi kú oríire… tí ikùn ò bá wá yọ ńkọ́? Oògùn tí nọ́ọ̀sì ní kí n má lò yìí ló ń jẹ́ kí nǹkan oṣù wá déédéé, kò sẹ́ni tó máa fura. Mo lọ rà á ní kẹ́míìsì, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Inú páálí òwú ní ṣọ́ọ̀bù ni mò ń tọ́jú ẹ̀ sí. Oṣooṣù ni mi kì í kírun fún ọjọ́ mélòó kan, oṣooṣù ni Ìyá ń mí kanlẹ̀, èmi náà á bá wọn mí kanlẹ̀.

Àfi lọ́sẹ̀ yìí tí ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ tí mò ń tẹ̀ ni. Ó wú, ó gbóná, ọ̀tún ò ṣe nǹkan kan. Ìyá ní òtútù ló wọ̀ ọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí àti omi gbígbóná fà á fún mi. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Àgbàlagbà bíi tiwọn á kúnlẹ̀ síwájú mi, wọ́n á máa fi gbogbo agbára fà á láti kókósẹ̀ lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé tí ẹsẹ̀ kan bá wú, tàbí tí mi ò bá lè mí dáadáa, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á, hospital lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì lè ṣí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Mo mọ̀ ọ́n. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n.

Láti àná, mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa tán kí n má dúró mí. Àyà ń gún mi. Ẹ sì wò ó, mo tún gbé oògùn yẹn mì láàárọ̀ yìí. Mi ò mọ ìdí. Ọwọ́ mi kàn lọ síbẹ̀.

Ọkọ mi ní òun àti Ìyá máa gbé mi lọ hospital lọ́la. Ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ béèrè ni oògùn tí mò ń lò, àwọn méjèèjì á sì jókòó tì mí. Tí mo bá parọ́, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ tọ́jú mi? Tí mo bá sọ òótọ́, ṣé mo ṣì ní ilé tí mo máa padà sí? Ṣé kí n dá lọ nísinsìnyí? Ṣé dókítà lè ní kí wọ́n jáde ná, kó sì bá mi bo àṣírí?

Nírọ̀lẹ́ yìí, bí Ìyá ṣe ń fa ẹsẹ̀ náà, wọ́n gbàdúrà lé e. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá di ọmọ mọ́ mi nínú, kí Ọlọ́run tú àṣírí onítọ̀hún, kó má rí ìparí ọdún yìí. Mo ṣe àmín. Wọ́n ní wọn ò gbọ́, kí n ṣe é sókè. Mo tún un ṣe. Wọ́n ti lọ gbé omi mìíràn kaná báyìí… ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe kí wọ́n tó padà wọlé?