Òjé Tó Wà Nínú Ẹja Dorian

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Etí Omi,
                                        Pruitt's Landing,
                                        Alabama.
                                        Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Karùn-ún, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Lucius,

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú ojú ọjọ́ Detroit. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó yín Maxine ńkọ́? Ṣé orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yín ti ń ká dáadáa? Mo béèrè nítorí bí ìyá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn, pé bó ti wù kí inú bí èèyàn tó, kó kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ti kí yín. Ẹ wá jẹ́ kí n bínú.

Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ pè mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ ò bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ ní mo ta ọmọ yín fún ará ìta. Ẹ ní torí pé n kò bímọ ni n kò fi mọ bí ọmọ ṣe ń dunni. Ẹ wá pa fóònù mọ́ mi létí. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọkọ mi tó kú pàápàá kò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi rí.

Ẹ̀yin náà lẹ rán Dorian ọmọ yín sí mi lóṣù Kejì, nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí n fi ẹja pípa gbé ọkàn rẹ̀ kúrò nínú ìrònú. Ọkùnrin ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò mọ bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìwọ̀ rẹ̀ há sórí igi, ó há sí fìlà mi, ó há sí ṣòkòtò òun fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Àǹtí, ẹja yìí kórìíra mi."

Mo ní, "Ẹja ò tíì mọ̀ pé o dé. Igi lò ń pa látàárọ̀."

Bí bàbá wa ṣe kọ́ mi ni mo ṣe kọ́ ọ. Mo ní kó yé wo àárín omi, pé báàsì kì í ṣe ẹja tí í yan kiri ní gbangba. Abẹ́ igi tó wó sómi ló ń ba sí, tàbí ẹ̀bá koríko, bí olè tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní kó ju ekòló rọ́bà tí a fi ń tan ẹja kọjá igi náà, kó jẹ́ kó rì dé ìsàlẹ̀, kó máa wọ́ ọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó dúró, kó tún wọ́ ọ. Bí okùn bá ta á lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń kan ilẹ̀kùn aláìsàn, kó má tíì fà á. Kó tẹ ọ̀pá wálẹ̀, kó ká okùn tó dẹ̀, kó wá fà á sókè tagbáratagbára. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń kánjú. Ẹja á tu ekòló dànù, Dorian á máa bú omi.

Báàsì àkọ́kọ́ tó mú kò ju ìwọ̀n pọ́n-ùn méjì lọ. Mo fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ mú, kí ẹja má sì pẹ́ lókè omi. Ó dá a padà sómi, ó ń wo ibi tó gbà lọ, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn gan-an lọ́jọ́ náà.

Ìdíje ẹja tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe bọ́ sí Àbámẹ́ta tó kọjá. Ẹ rántí pátákó tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó bá borí sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni orúkọ bàbá wa wà níbẹ̀. Èmi àti Dorian jọ wà nínú ọkọ̀ kan, a sì mú ẹja márùn-ún. Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo gòkè lọ forúkọ wa sílẹ̀, òun dúró ti ẹja.

Hosea Gantt ló ń wọn ẹja. Nígbà tó gbé èyí tó tóbi jù sórí òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n ní ó lé ní pọ́n-ùn mẹ́fà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé ẹja yẹn jáde nínú omi. Kò lè ju mẹ́rin lọ! Mo gbé e, mo tẹ ikùn rẹ̀, mo gbọ́ tí àwọn nǹkan líle ń lura wọn nínú rẹ̀.

Mo sún mọ́ Dorian, mo rọra bi í pé, "Kí ló wà nínú ẹja yìí?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀. A ti borí."

"Sọ ọ́ fúnra rẹ. Mo dúró tì ẹ́, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ẹ́."

Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ṣé ó sọ ìyẹn fún yín? Ṣé ó sọ pé mo fún un láyè?

Mo ní, "Hosea, la ẹja yìí."

"Ardella, ẹja tìẹ ni o."

"Mo mọ̀. Là á."

Òjé mẹ́ta, irú èyí tí a ń so mọ́ okùn kó lè rì, bọ́ sórí tábìlì. Ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ wo ọmọ Detroit! Òjé lẹja tiwọn ń jẹ lọ́hùn-ún!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò dùn mí tó ti Ìyáàfin Tolliver, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ní bóyá bí bàbá wa náà ṣe ń borí nìyẹn. Kí n tó yíjú, Dorian ti wọ mọ́tò, ó ti lọ. Òun ló wá pè yín.

Lánàá, láàárọ̀, ó padà dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. N kò ṣílẹ̀kùn. Mo bi í pé kí ló kì í láyà tó fi ṣe é.

Ó ní, "Àǹtí, ọjọ́ tí mo mú báàsì kìíní, mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Dádì. Wọ́n ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbọ́ lẹ́ẹ̀kan pé mo ṣe ipò kìíní nínú nǹkan kan."

Mo ní ìyẹn ò ní kó ki òjé bọ ẹja lẹ́nu. Ó ní òun mọ̀. Mo wá ṣílẹ̀kùn, mo ní kó máa bọ̀ níbí. Mo mú un dé ọ̀dọ̀ Hosea, ó tọrọ àforíjì. Hosea ní kò gbọdọ̀ díje ládùúgbò yìí mọ́ láéláé, ó sì gbà. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé mo rán an, ó sọdá lọ sílé Ìyáàfin Tolliver. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti títì: "Mọ̀mọ́, bàbá àgbà mi ò fi èrú pa ẹja rí. Èmi nìkan ni mo ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ba orúkọ wọn jẹ́."

Inú ṣì ń bí mi sí i. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́wọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; kí ni ọmọ yìí rí kó jáde nílé yín? Ní ti ohun tí ẹ sọ nípa àìbímọ mi, n kò tíì ṣe tán láti dárí jì yín.

Ẹ bá mi kí Maxine, kí òun náà ka lẹ́tà yìí. Ẹ kí àwọn ará ilé yín gbogbo.

Ẹ má pè mí. Dorian ni kí ẹ pè. Yàrá ẹ̀yìn ló wà, ó gbé fóònù sórí ẹsẹ̀, ó ń wò ó. Bó bá gbé e, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán kí ẹ tó la ẹnu.

Èmi ni àbúrò yín tí ọ̀rọ̀ yín dùn wọra,
Ardella