Pẹ́pẹ́yẹ Abẹ́ Ibùsùn Mi

Gamil ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá ọ gbé ní Káírò níbẹ̀. Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Ṣé onílé rẹ ti tún àtẹ̀gùn yẹn ṣe? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀ lórí rẹ̀, o kò sì ní pàdé ọlọ́pàá tí inú ń bí, àmín. Màlúù wa ti bímọ, abo ni. Lèmọ́mù ti yọ eyín tó ń dùn ún, a sì ti ń gbọ́ ohun tó ń sọ báyìí.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí títí. Má bínú, mo ti fi aṣọ wé fóònù yẹn, mo sì rì í sínú ìkòkò ìyẹ̀fun. Ọjọ́ tí pẹ́pẹ́yẹ àkọ́kọ́ kú lórí òrùlé wa, mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan tí fóònù náà fi dún pín lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún Basima, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, ó kà á fún mi pé ìjọba ní kí ẹni tí ẹyẹ rẹ̀ bá ń kú wá fi tó àwọn létí. Gamil, ta ló sọ fún wọn? Èmi àti fóònù nìkan la jọ wà lórí òrùlé! Mo ti mọ̀ pé amí ni.

Mi ò lọ sọ. Pẹ́pẹ́yẹ tí mo ń fi ẹnu ara mi tú ọkà sí lẹ́nu, tí mo ń sìn de ọjọ́ tí àwọn òbí ọmọbìnrin tí o fẹ́ fẹ́ yóò wá kí wa, kí n wá kó wọn fún ìjọba kí wọ́n dì wọ́n sápò? Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá ti ń lọ́, mo ń sáré dú u kí ó má baà di òkúǹbete. Basima ló ń tu ìyẹ́ wọn. Ó ní Màmá, ṣé kò léwu báyìí, mo ní kí ó dákẹ́, pé ìyá ìyá mi jẹ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gbó kó tó kú. A sè é, ó dùn, mo tiẹ̀ bu àwo kan fún Ìyá Fawzi tó múlé tì wá.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ìjọba dé, funfun ni wọ́n wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, mo rò pé àwọn tó ń wẹ òkú ni, mo bi wọ́n pé ta ló kú. Mo ti kó àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó kù sábẹ́ ibùsùn mi. Mo ní ilé opó nìyí, kò sí ẹyẹ kankan níbí. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni ọ̀kan ké. Mo wúkọ́. Ó tún ké, mo tún wúkọ́. Ọ̀gá wọn wò mí tàánú-tàánú, ó ní Màmá, ikọ́ yìí mà ti wọ̀ yín lára, ẹ máa lá oyin. Wọ́n lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín yẹn ṣì korò lẹ́nu mi títí dòní.

Kò pẹ́ tí ara Basima fi gbóná bí ààrò búrẹ́dì, tí kò lè mí délẹ̀ mọ́. Mo ní òtútù ni, mo sun àlùbọ́sà fún un. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, a gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan na ìbọn funfun kékeré sí mi níwájú orí. Mo nawọ́ méjèèjì sókè, mo ka ṣàhádà. Ìbọn náà dún pín, ó ní ara mi ò gbóná, ó kọjá lọ. Dókítà wá dé, ọmọ tí kò jù ọ́ lọ, ó bi mí níwájú gbogbo ènìyàn pé ṣé mo ní ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ẹyẹ. Há! Mo ní opó ọmọlúàbí ni mí, láti ọjọ́ tí bàbá yín ti kú mi ò bá ẹnikẹ́ni ní ìbáṣepọ̀, ká má tíì wá sọ ẹyẹ. Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ó wá là á yé mi pé ṣé a ń sin adìyẹ tàbí pẹ́pẹ́yẹ ni. Mo ní rárá. Ó yíjú sí Basima. Basima kọ́kọ́ wo ojú mi, ó sì mi orí pé rárá. Ni wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí òtútù lásán mú.

Nígbà tó yá, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ó ń fa èémí bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga tó jìn. Mo rántí Fathi ẹ̀gbọ́n rẹ, tó sọ lọ́jọ́ tó ń lọ sí Kuwait pé Màmá, ọwọ́ yín ni mo fi í sí o. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ikú tí mo rí lójú ọmọ olọ́mọ yẹn, ẹ̀sín yá jù ú lọ. Ìyá Fawzi wà níbẹ̀, ó gbé oúnjẹ wá kí wa. Mo dìde láàárín gbogbo wọn, mo ké pe dókítà, mo ní irọ́ ni mo pa, pẹ́pẹ́yẹ wà, abẹ́ ibùsùn mi ni wọ́n wà, wọ́n ń kú, a pa wọ́n jẹ, òun ló tu wọ́n, ẹ má jẹ́ kó kú.

Dókítà ò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi. Ó kàn sáré. Wọ́n gbé Basima lọ sí yàrá ọ̀tọ̀, wọ́n fún un ní oògùn àìsàn ẹyẹ. Wọ́n ti igi olówùú bọ èmi náà nímú àti lọ́fun, mo rò pé ìyẹ́ ni wọ́n ń wá, mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọnu, pé mo ti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ìyá Fawzi ní èyí tó wà nínú àwo òun ńkọ́. Wọ́n yẹ òun náà wò, Ọlọ́hun yọ ọ́, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Basima yè. Nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi létí ni pé Màmá, mi ò jẹ́wọ́ fún wọn o. Gamil, ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé.

Gbogbo ẹyẹ àdúgbò ni wọ́n kó pa, tèmi, ti ẹlòmíì, tòlótòló Ìyá Fawzi tó ń fi ẹyin rẹ̀ ra ọṣẹ. Òrùlé dákẹ́ rọ́rọ́. Bí mo bá sálámà sí àwọn ará àdúgbò, wọ́n ń dáhùn torí pé ẹ̀sìn ní kí wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wò mí lójú.

Jọ̀wọ́, bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, yọ díẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe fún èmi. Mo gbọ́ pé adìyẹ kan wà ní Káírò tó le bí òkúta, tí kò lórí, tí kò ké rí láyé. Bá mi ra irú rẹ̀ fún Ìyá Fawzi, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n pé tó bá yọ́ tán, ṣé á máa yé ẹyin. Kí àwọn àna rẹ má bínú, ẹ̀wà la máa fi ṣe wọ́n lálejò.

O mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Basima ló ń bá mi kọ èyí. Láti ìgbà tó ti délé, mi ò tíì lè wò ó lójú kí n ní kó dárí jì mí, ìyẹn ni mo fi ní kó lọ mú bírò wá. Ó ti gbé bírò sílẹ̀ báyìí, ó ní òun ò kọ ibi yìí. Mo ní kó kọ ọ́, ṣé èmi kọ́ ni ìyá ọkọ rẹ̀ ni? Ó ti ń kọ ọ́.

Kí Ọlọ́hun fi ẹni rere yí ọ ká, kó má sì jẹ́ kí o fi wọ́n ṣòfò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Inshirah